Rúlà Kò Mọ Àgbà

                                                            Ilé Aláwọ̀ Ewé,
                                                            Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé.
                                                            Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, ìkejì mi,

Báwo ni orúnkún? Mo mọ̀ pé gbogbo ara ló yẹ kí n kọ́kọ́ kí, ṣùgbọ́n lẹ́tà rẹ tó kọjá fi yé mi pé orúnkún ni olórí ilé yín báyìí: bó bá ní kí ẹ jókòó, gbogbo yín á jókòó. Mo bá a kẹ́dùn, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó fi ọ́ sílẹ̀ kí o lè wá kí wa. Ṣé bàbá àwọn ọmọ wà dáadáa? Ṣé wọ́n ti gbà láti máa lo oògùn wọn, àbí inú àpò aṣọ ni wọ́n ṣì ń tọ́jú rẹ̀ sí? Ọmọ rẹ obìnrin tó lóyún ńkọ́? Tó bá ti bí tí o kò sọ fún mi, mo fi ọ́ sun ara rẹ.

Ní tiwa, a dúpẹ́. Ara le, oúnjẹ ń lọ, oorun ń wá nígbà tó bá wù ú. Ohun kan ṣoṣo tó yí padà nínú ilé yìí ni bí a ṣe ń jókòó nínú mọ́tò, ìtàn rẹ̀ ni mo sì fẹ́ sọ fún ọ. Wá àga tó dára fún orúnkún yẹn, kí o gbọ́.

O mọ bàbá ilé wa. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì ní ilé-iṣẹ́ omi, níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń pè wọ́n ní Ọ̀gá Omi, kò sí ohun tó kù fún wọn láti darí mọ́ àfi mọ́tò wa. Wọ́n ti gbìyànjú láti darí èmi, ọwọ́ wọn kò tó o. Láràárọ̀ ni wọ́n ń gbé ọmọ-ọmọ wa lọ sí ilé-ìwé, nítorí ọ̀dọ̀ wa ni òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti gba iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nítòsí ibí. Bí wọ́n bá ti wà lọ́nà, bàbá àgbà á bẹ̀rẹ̀ ìtàn bí àwọn ṣe gba odidi ìlú lọ́wọ́ òùngbẹ lọ́dún tí páìpù ńlá bẹ́. Ọmọ náà ti gbọ́ ìtàn yìí tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé òun ló ń rán wọn létí bí wọ́n bá fo ibì kan. Kò sú u rí. Bí mo bá ní kó gba ọkọ̀ ilé-ìwé, á wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ gba àwo oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n lẹ́nu àìpẹ́ yìí, wọ́n fi ẹ̀yìn mọ́tò gbá garawa ìdọ̀tí aládùúgbò wa. Wọ́n ní garawa náà ló wá pàdé àwọn. Kò pẹ́ sí i, díẹ̀ ló kù kí wọ́n gbá oníkẹ̀kẹ́ kan ní ìkóríta. Ọmọ wa nọ́ọ̀sì wà nínú mọ́tò lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n ṣe wọlé, kò tíì bọ́ bàtà tó fi na ọwọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yẹn."

"Kọ́kọ́rọ́ wo?"

"Ti mọ́tò. Ẹ rí oníkẹ̀kẹ́ yẹn, ó sì pẹ́ kí ẹ tó tẹ bíréèkì."

"Mo ń ronú nípa ohun tó yẹ kí n ṣe ni."

"Bàbá, ìkóríta kọ́ ni ibi ìrònú!"

Bí wọ́n ṣe ń fà á nìyẹn, tí èmi ń ṣa ẹ̀wà bí ẹni tí kò sí nílé. Inú ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọmọ-ọmọ wa mú iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì kan wálé. Olùkọ́ wọn ní kí oníkálukú ṣe ìwádìí tirẹ̀ sílẹ̀ de ọjọ́ àfihàn, òun sì ti mú tirẹ̀: ó fẹ́ mọ bí ara ènìyàn ṣe ń yára tó láti dáhùn. O mọ̀ pé ìtàn àti ewì ni èmi fi ayé mi kọ́ àwọn ọmọ, nítorí náà mo ní kó fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ṣàlàyé fún mi.

Ó ní, "Ìyá àgbà, ojú ló máa kọ́kọ́ rí nǹkan. Ojú á ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Ọpọlọ á pàṣẹ fún ọwọ́. Àsìkò tó wà láàárín kí ojú rí i àti kí ọwọ́ gbéra, òun ni mo fẹ́ wọ̀n."

Mo bi í pé ṣé ó lè bá mi wọn ti àwọn tó ń san owó ìfẹ̀yìntì wa pẹ̀lú. Ó ní rúlà òun kò gùn tó bẹ́ẹ̀.

Rúlà ni o, kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀. Ẹni tí a fẹ́ wọ̀n á gbé apá lé tábìlì, á ya àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e. Ọmọ yìí á di orí rúlà mú, ìdí rúlà á wà láàárín ìka méjèèjì láìkàn wọ́n. Nígbà tó bá wù ú, á jù ú sílẹ̀, ìwọ á sì há a mọ́wọ́. Bí ọwọ́ rẹ bá yá, nọ́mbà kékeré ni ìka rẹ máa bá. Bí o bá falẹ̀, rúlà á ti sáré kọjá dé nọ́mbà ńlá. Wọ́n ní ìṣirò kan wà tó ń sọ nọ́mbà náà di àsìkò, ìyẹn kò kan èmi àti ìwọ. Ó ti wọn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì, ó kù kó wọn àwọn àgbà. Gbogbo ìwé tó kà ló ní ọ̀dọ́ máa ń yára ju àgbà lọ, òun náà sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá Omi gbé ìwé ìròyìn kúrò lójú. Wọ́n dìde. O mọ bí wọ́n ṣe máa ń dìde bí wọ́n bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kí akọ̀wé kọ sílẹ̀.

"Ó dára bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí fún ọmọ wa nọ́ọ̀sì. "Sáyẹ́ǹsì ló máa dá ẹjọ́ wa. Bí ọwọ́ mi bá falẹ̀ ju ti àwọn ọmọ wọ̀nyẹn lọ, èmi fúnra mi ló máa fa kọ́kọ́rọ́ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá falẹ̀, n kò fẹ́ gbọ́ orúkọ garawa nínú ilé yìí mọ́ láé."

"Mo gbà," ni ọmọ wa wí. "Màmá, ẹ gbọ́ o."

Mo ní mo gbọ́. Kí ni mo tún fẹ́ wí?

Wọ́n bọ́ aago ọwọ́, wọ́n ká apá aṣọ sókè bíi dókítà tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ. Ọmọ-ọmọ wa dúró níwájú wọn, ó di rúlà mú, ó ní, "Ẹ má bínú o, Bàbá àgbà," ó sì jù ú sílẹ̀. Gbá! Wọ́n ti mú un. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ìka wọn wà. Ó tún un ṣe, "Ẹ má bínú o," gbá! Bí wọ́n ṣe ń mú un nìyẹn títí ọmọ fi ń la ẹnu. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú kíláàsì rẹ̀ tó mú rúlà nísàlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ó mú rúlà rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, níbi tí àwọn ọ̀rẹ́ bàbá àgbà rẹ̀ ti ń ta dráftì. Bákan náà ló rí. "Ẹ má bínú, sà," gbá! "Ẹ má bínú, mà," gbá! Télọ̀ àdúgbò tó ń fi gíláàsì méjì wá abẹ́rẹ́ na gbogbo ọmọ kíláàsì. Èmi pàápàá há rúlà bí ológbò ṣe ń há eku. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì wọn yọ̀ débi pé kò béèrè ohunkóhun. Ó ní iṣẹ́ yìí á gba ipò kìíní, kí ọmọ kọ ọ́ gàdàgbà sórí páálí: ÀGBÀ YÁRA JU Ọ̀DỌ́ LỌ.

Ọ̀rẹ́ mi, a kò gbádùn ilé yìí mọ́. Bí mo bá ní kí Ọ̀gá Omi bá mi mú iyọ̀, wọ́n á ní kí n wo bí ọwọ́ ṣe ń yára. Wọ́n sọ fún onígbàjámọ̀, wọ́n sọ fún aládùúgbò tó ni garawa. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ kan wa mọ́tò. "Ohun tí àgbà bá rí lórí ìjókòó," ni wọ́n á wí, wọn kò tilẹ̀ ní parí òwe náà, wọ́n á kàn rẹ́rìn-ín. Ọmọ wa nọ́ọ̀sì ti ṣe àdéhùn, kò lè sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n mo máa ń rí i lójú fèrèsé láràárọ̀, tí á máa wo mọ́tò náà títí á fi yà ní kọ́nà, nítorí ọmọ bíbí inú rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ọjọ́ àfihàn wá pé. Gbọ̀ngàn ilé-ìwé kún fún tábìlì àti páálí. Wọ́n pe Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wá ṣe adájọ́, ọkùnrin tó wọ kóòtù nínú ooru, tí ẹni tó pè é jáde sì mí lẹ́ẹ̀mejì kí orúkọ oyè rẹ̀ tó tán. Nígbà tó dé ìdí tábìlì ọmọ-ọmọ wa, ó ka páálí náà, ó yọ gíláàsì, ó ní kí gbogbo ènìyàn súnmọ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan tó gùn, èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ gírámà ń wá ibi tí àmì ìdánudúró máa gbà wọlé, n kò rí i. Ohun tí mo rí dì mú níbẹ̀ ni pé bí ènìyàn bá ṣe ń dàgbà ni ìrírí ń kóra jọ sínú iṣan ọwọ́, bí ọ̀rá ṣe ń kóra jọ sí ikùn. Ó fọwọ́ pa ikùn ara rẹ̀ láìmọ̀. Bàbá ilé wa, tí wọ́n jókòó níwájú pátápátá, ń mi orí, wọ́n sì ń fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò yí po lórí ìka.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí ọmọ wọn òun náà lójú gbogbo ènìyàn. Ó gbé apá lé tábìlì. Ọmọ wa di rúlà mú. "Ẹ má bínú, sà." Gbá! Ó mú un. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́.

Ìgbà náà ni ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ pariwo láti ẹ̀yìn. Ọmọ yìí ló ṣe ìkẹyìn nínú ìwọ̀n ti kíláàsì, wọ́n sì ti sọ ọ́ ní Ìgbín látìgbà náà, inú rẹ̀ kò dùn sí i.

"Ẹ gbà mí! Kí ló dé tí o kò bẹ èmi náà nígbà tó kàn mí?"

"Bẹ̀ ọ́ bíi ti báwo?"

"Ṣebí o ń sọ fún wọn pé rúlà ti ń bọ̀! Àwọn àgbà lò ń kì nílọ̀, àwa lò ń jù ú lù. Èmi ń bá ẹ sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ lo jù ú sílẹ̀!"

Ẹ̀rín bú jáde. Èmi gan-an rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí mo wo ojú ọmọ-ọmọ wa. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo rúlà ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀kọ́ ilé ló kó bá ọmọ yẹn. A ti kọ́ ọ láti kékeré pé a kì í ju nǹkan sílẹ̀ níwájú àgbà láìtọrọ gáfárà, ó sì ń tọrọ rẹ̀ láìmọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo àgbà tó wọ̀n, ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́ kí ojú wọn tó rí i. Nígbà tí rúlà fi máa já bọ́, ọwọ́ wọn ti gbéra.

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbọ̀n ọ̀rọ̀ náà nù. Ó ní, "Ìwà ọmọlúwàbí kì í ba ìwádìí jẹ́." Ó ti ń kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì sì ń ṣẹ́jú sí ọmọ wa pé kó dákẹ́, pé ipò kìíní ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Ọmọ náà gbójú sókè, ó wo bàbá àgbà rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ṣì ń yí po lórí ìka wọn. Ó mọ ohun tí òun fẹ́ fọwọ́ ara òun bàjẹ́.

"Sà," ló wí, "ó ti bà á jẹ́. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe. N kò ní sọ nǹkan kan."

Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tún gbé apá lélẹ̀, ó ń bá olórí ilé-ìwé sọ̀rọ̀ nípa iṣan. Rúlà já bọ́. Ilẹ̀ ló bá wa mú un. Wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, ilẹ̀ tún mú un. Ó ní iná gbọ̀ngàn yẹn kò mọ́lẹ̀ tó, pé apá kóòtù òun fún. Ọmọ wa mú bírò pupa, ó fa ìlà gbọọrọ la àkọlé ńlá rẹ̀ já, ó wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: A KÒ TÍÌ MỌ̀. Ẹni tó fi ọtí kíkan àti amọ̀ mọ òkè oníná ló gba ipò kìíní.

Nígbà tí a ń darí bọ̀ wálé, Ọ̀gá Omi fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ mọ́tò mú, wọ́n ń rìn jẹ́jẹ́. Kò sí ìtàn páìpù. Nígbà tí a délé, ọmọ tẹ̀ lé mi wọ ilé ìdáná, ó bú sẹ́kún.

"Ìyá àgbà, ó ṣe mí bíi kí n dákẹ́."

"Kí ló dé tí o kò dákẹ́?"

"Tí oníkẹ̀kẹ́ yẹn bá tún wá ńkọ́?"

Mo nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tí mo fi ń nu àwo. Mo sọ fún un pé bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á lé e bá. Ó fa ikun imú, ó ní wọn kò tíì wọn ìyẹn náà rí.

Bàbá àgbà rẹ̀ pè é láti pálọ̀ pé kó mú rúlà wá. Ó ní iṣẹ́ náà ti parí. Wọ́n ní, "Tìrẹ ló parí, tèmi kò tíì bẹ̀rẹ̀. Jókòó. Má sì ṣe bẹ̀ mí o."

Ọmọ wa nọ́ọ̀sì dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Rúlà já bọ́, ó gba àárín ìka wọn kọjá, ó lu ilẹ̀. Ó tún já bọ́, ó tún lu ilẹ̀. Ọmọ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ṣa á, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣáájú. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n mú un ní orí téńté, níbi tí nọ́mbà ti ń tán lọ. Wọ́n fi rúlà lé ọmọ lọ́wọ́.

"Kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí," ni wọ́n wí.

Ọmọ wa nọ́ọ̀sì ṣàánú wọn. "Bàbá, rúlà nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó lè wakọ̀ o. Ẹ jẹ́ ká lọ yẹ ojú yín wò ná."

"A ó lọ," ni Ọ̀gá Omi wí. "Ṣùgbọ́n garawa ti jẹ́rìí, oníkẹ̀kẹ́ ti jẹ́rìí, rúlà ti jẹ́rìí. Ẹlẹ́rìí mẹ́ta ti pọ̀ jù fún ẹjọ́ kan." Wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ náà kalẹ̀. Wọn kò gbé e síwájú ọmọ tó ń béèrè rẹ̀ o, àgbà kì í bọ́ aṣọ tán níta. Iwájú mi ni wọ́n gbé e sí. "Tíṣà, ṣebí o ní ìwé ìwakọ̀."

Mo ní in lóòótọ́, mo sì kéré sí wọn lọ́jọ́ orí dáadáa, ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n jẹ́ kí n lò ó kẹ́yìn, ọmọ wa nọ́ọ̀sì ṣì ń rákòrò. Ọmọ-ọmọ wa ní kí èmi náà gbé apá lé tábìlì ná. Ó wọ̀n mí láìtọrọ gáfárà kankan. N kò ju àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n mo ṣe dáadáa ju Ìgbín lọ, mo sì ní kó bá mi kí i. Ọmọ wa nọ́ọ̀sì tẹ̀ lé mi yí àdúgbò po títí ọkàn rẹ̀ fi balẹ̀.

Báyìí ni èmi ṣe di awakọ̀. Mo ń rìn jẹ́jẹ́ débi pé àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń kí mi, a sì ń bá ìròyìn ilé lọ. Ọmọ wà lẹ́yìn, Ọ̀gá Omi wà ní ẹ̀gbẹ́ mi, ìtàn páìpù ti padà, ó tilẹ̀ ti gùn sí i nítorí ọwọ́ wọn ti ṣófo, wọ́n ti ń fi ṣàpèjúwe. Ìyọnu kan ṣoṣo ni pé bí nǹkan kan bá yọ lójú ọ̀nà, wọ́n á kígbe, "Bíréèkì!" Ìgbà tí wọ́n fi máa kígbe, mo ti tẹ̀ ẹ́, mọ́tò ti dúró, ẹni tó ń sọdá ti sọdá, ó ti ń juwọ́ sí wa. Wọ́n á wá mí kanlẹ̀, wọ́n á ní, "Ọpẹ́lọpẹ́ mi." Èmi á ní, "Ẹ ṣeun o." Ọmọ á fi báàgì bo ẹnu.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ àná, bọ́ọ̀lù kan yí jáde lójijì láti àárín mọ́tò méjì tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ọmọ kékeré kan sì ń sá tẹ̀ lé e. "Bíréèkì!" ni wọ́n kígbe, ẹsẹ̀ mi sì ti wà nílẹ̀. Mọ́tò dúró gbọnin. Ọmọ náà gbé bọ́ọ̀lù rẹ̀, ó sá lọ. Ọ̀rẹ́ mi, n kò lè sọ fún ọ bóyá ojú mi ló kọ́kọ́ rí i, tàbí etí mi ló kọ́kọ́ gbọ́ ohùn wọn. Wọn kò sọ pé ọpẹ́lọpẹ́ àwọn. Mo wo ẹ̀yìn nínú dígí. Ọmọ tó ń wọn gbogbo ayé ti yí ojú sí fèrèsé, ó gbé ọwọ́ lé èjìká bàbá àgbà rẹ̀, kò sì wọn ìyẹn.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kí o sọ fún wọn pé oògùn kì í ṣiṣẹ́ nínú àpò. Bá mi kí àwọn ọmọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti aláboyún wa lákànṣe. Ọ̀gá Omi ní kí n kí ọ, wọ́n ní bí orúnkún bá gbà, àwọn á wá gbé ọ. Èmi ni wọ́n ń sọ pé á wá gbé ọ o.

Èmi tí kò ní ọ̀rẹ́ méjì irú rẹ,

Tíṣà Onígíláàsì,
awakọ̀ Ọ̀gá Omi.